Owó Tube ní London: ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó fi káàdì kan géètì

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní London, ọ̀pọ̀ wa la kàn ń fi káàdì kan géètì Tube, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tá a sì ń sáré kọjá, a ò mọ̀ pé aago tá a kàn án gan-an ló ń sọ iye tí wọ́n máa yọ. Mọ́ńdè sí Fúráìdè, 6:30 sí 9:30 àárọ̀ àti 4:00 sí 7:00 ìrọ̀lẹ́, peak nìyẹn, owó ti gun òkè. Àsìkò tó kù, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba, off-peak ni.

Ní Oshodi náà, tí òjò bá ti ṣú, kọ̀ńdọ́ á fowó lé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, èrò ti pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, àmọ́ ti ibí, wọ́n kọ aago ẹ̀ sílẹ̀, kéèyàn tó kúrò nílé ló ti mọ̀, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn ẹ̀.

Nínú owó tí wọ́n gbé jáde ní March 2025, Zone 2 sí Zone 1 (Zone 1 ni àárín ìlú, Zone 2 ló yí i ká) jẹ́ £3.50 ní peak, £2.90 ní off-peak. 60p ò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ ẹ ṣírò àlọ àtàbọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, £6 lọ́sẹ̀ nìyẹn o. Aago tẹ́ ẹ wọlé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe aago tẹ́ ẹ jáde, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń dúró níta ibùdókọ̀ Canada Water tó bá ti di 9:26, màá rọra mu tíì mi tán, ó di 9:31 kí n tó kan káàdì.

Èyí táwọn èèyàn wa ò mọ̀ jù rèé: tẹ́ ẹ bá ń ti òde Zone 1 bọ̀ wọ Zone 1 láàárín aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́, off-peak ni wọ́n máa yọ, torí àwọn èrò ń jáde nígboro lásìkò yẹn ni, ẹ̀yin ń wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ṣe cleaning ní ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, tiyín nìyẹn.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ńkọ́? Ẹni tó kan géètì ní 5:40 san off-peak lọ síbi iṣẹ́, ó parí, ó ń darí sílé ní 8:15, gbogbo ayé ń wọ ìlú, òun ń jáde, àyè ìjókòó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀, síbẹ̀ peak ni wọ́n máa yọ. Èyí ò dáa rárá. Wọ́n mọ̀ nírọ̀lẹ́ pé ọ̀nà kan lèrò ń gbà, kí ló dé tí wọn ò mọ̀ ọ́n láàárọ̀? Àwọn tó jí ṣíwájú gbogbo wa ló sì ń san án.

Bọ́ọ̀sì ò ní peak, £1.75 nígbàkigbà ní 2025, tẹ́ ẹ bá sì wọ òmíì láàárín wákàtí kan ẹ ò ní san mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní Railcard, ìyẹn káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin, bíi 26-30 (tẹni ọdún 26 sí 30) tàbí Senior (tàwọn àgbà), ẹ mú un pẹ̀lú Oyster yín, káàdì tẹ́ ẹ ń kó owó ọkọ̀ sí, lọ bá òṣìṣẹ́ ní ibùdókọ̀ kó so wọ́n pọ̀, ìdá mẹ́ta owó off-peak, ìdá kan á kúrò níbẹ̀. Oyster nìkan ló ń gbà á o, káàdì báńkì ò lè ṣe é.