Kọ̀nfátà tí mo rà l'Álábà fún wúfà Bàbá

Kí n ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀: kọ̀nfátà yìí, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn láti ihò OPTICAL tẹlifíṣọ̀n, tó ń yí i padà sí èyí tí wúfà àtijọ́ àti headphone lè lò, dára fún iye tí mo rà á. Kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà nígbà tí mo rà á. Ó ní àléébù kan, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Tẹlifíṣọ̀n tuntun tí a rà kò ní ihò headphone rárá. Ihò pupa àti funfun wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ AV IN ni wọ́n kọ sí i: ohùn DVD ló ń gbà wọlé, kò lè gbé ohùn tirẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni. Ihò tí ohùn lè gbà jáde kò ju méjì lọ, HDMI tí wọ́n kọ ARC sí lára (èyí tó lè gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n jáde lọ sí sípíkà), àti ihò kékeré kan tí wọ́n kọ OPTICAL sí, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn. Wúfà Bàbá ti wà nílé kí n tó wọ yunifásítì, kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Etí Bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ń wo ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo ojúlé ló ń bá wọn gbọ́ ọ. Mo fẹ́ wúfà fún ọ̀sán, headphone fún alẹ́.

Ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò wa ní kí n gbé e wá, òun á tú u, òun á jó wáyà mọ́ sípíkà inú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí wàráǹtì rẹ̀ ò tíì tán! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

L'Álábà, ọmọkùnrin tó tà á fún mi kàn ní, "Àǹtí, ẹ lọ fi sí i, á sọ̀rọ̀." Kò sí ìwé ìlànà kankan nínú páálí. Irin dúdú ni, kò ju páálí ìṣáná lọ. Wáyà optical ń wọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ihò pupa àti funfun pẹ̀lú ihò headphone wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. USB ló fi ń jẹ iná. Ẹ yọ rọ́bà kékeré tó bo ẹnu wáyà optical ní méjèèjì, torí ó mọ́ gaara bíi pé kò sí níbẹ̀. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ ó rí iná pupa lẹ́nu wáyà náà.

Mo rí iná pupa, ohùn tẹlifíṣọ̀n ìbílẹ̀ sì jáde geere. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe yí i sí fíìmù, kẹ́kẹ́ pa. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kọ̀nfátà ò bàjẹ́. Fíìmù náà ń wọlé pẹ̀lú Dolby Digital, ìyẹn ohùn tí wọ́n fún pọ̀, bẹ́ẹ̀ PCM, ìyẹn ohùn tí wọn ò fún pọ̀, nìkan ni kọ̀nfátà yìí gbọ́. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Sound, ẹ wá Digital Audio Out tàbí orúkọ tó jọ ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Auto, ẹ fi sí PCM. Ó parí. Ẹlòmíì lè gbọ́ "ṣààà" dípò kẹ́kẹ́. Oògùn kan náà ni. Tó bá sì ń kùn, ẹ pààrọ̀ ṣájà. Ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ń kùn lọ́dọ̀ tiwa, mo fà á yọ, mo fi USB ara tẹlifíṣọ̀n sí i, ariwo náà lọ.

Bluetooth ńkọ́? Mo fi ti àbúrò mi dán an wò. Ẹnu oníròyìn á ti pa dé kí ohùn rẹ̀ tó dé etí. Bàbá ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń purọ́ ni.

Bí sípíkà yín bá ní HDMI ARC, ẹ má wulẹ̀ ra èyí. Ihò tí wọ́n kọ ARC sí gan-an ni kí ẹ fi wáyà sí, kì í ṣe ìkejì rẹ̀, kí ẹ sì tan CEC, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ tí wáyà HDMI so pọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀: Anynet+ ni Samsung ń pè é, SimpLink ni ti LG, Bravia Sync ni ti Sony.

Àléébù rẹ̀ wàyí. Lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa, rìmóòtù kò lè dín ohùn tó ń gba optical jáde kù. Wúfà ní kọ́bù tirẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Headphone ni tirẹ̀ le: gbogbo agbára ohùn ló ń rọ́ wọ etí. Mo ní láti wá headphone tó ní ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù lára wáyà rẹ̀, ìyẹn ni Bàbá fi ń gbọ́ ìròyìn báyìí, tí ilé pa rọ́rọ́. Kọ̀nfátà tó ní kọ́bù tirẹ̀ wà l'ọ́jà, owó rẹ̀ kàn fi díẹ̀ lé ni. Tó bá jẹ́ headphone lẹ fẹ́ lò ó fún, òun ni kí ẹ béèrè.