Mo ta ọkọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ṣì ń wá mi: àgbéyẹ̀wò ojú òpó DVLA

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ lè ta ọkọ̀, kí ẹ gbowó, kí ẹ ná an tán, kí ìwé ìtanràn ṣì máa wọlé tọ̀ yín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ní Swansea ni òfin kọ́kọ́ ń kà sí ẹni tó ni ín, àfi tó bá mú ẹ̀rí wá pé òun ti tà á.

Ojú òpó tí wọ́n fi ń sọ fún DVLA pé ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni ni mo lò fún Yaris mi. Nọ́ńbà ọkọ̀ ló béèrè, àti nọ́ńbà onídígíìtì 11 tó wà lórí V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀), ọjọ́ tí a tà á, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó rà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rà á ti ń kánjú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n máa lọ, ẹ ó ṣe é tó bá dalẹ́." Mo ní, "Àbúrò, dúró ná." Kó tó ṣáná sí ọkọ̀, ímeèlì DVLA ti wọlé. Mo ya bébà aláwọ̀ ewé ara V5C fún un kó lè fi san owó-orí ọkọ̀, nítorí láti oṣù Kẹwàá ọdún 2014, owó-orí kì í bá ọkọ̀ lọ mọ́. Lẹ́yìn náà mo kọ ọjọ́ àti aago sórí rìsíìtì, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ kó sí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, kámẹ́rà mú un, PCN, ìyẹn ìwé ìtanràn, sì wá sílé mi. Ọjọ́ kan náà la ta ọkọ̀ tí ọkọ̀ sì ṣẹ̀, aago orí rìsíìtì ló yà wá sọ́tọ̀. Mi ò san kọ́bọ̀, torí ẹni tó bá ti sanwó ti gbẹ̀bi, ẹjọ́ tán nìyẹn. Mo kọ̀wé sí káńsù kí ọjọ́ 28 tó pé, mo fi rìsíìtì àti ímeèlì tì í. Wọ́n fagi lé e.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta ọkọ̀ tirẹ̀, póòsì ló fi kọ̀wé sọ fún DVLA, ìwé náà kò débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 ló yẹ kí lẹ́tà ìdáhùn fi dé. Bí kò bá dé, ẹ pè wọ́n, torí ìtanràn ẹni tí kò bá sọ fún DVLA lè tó £1,000. Tó bá sì jẹ́ ọlọ́pàá ló kọ̀wé pé ta ló wakọ̀ nígbà tó sáré jù, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ o! Póìǹtì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì ni wọ́n fi ń dáhùn àìdáhùn.

Owó-orí oṣù tó kù, wọ́n dá a padà fún mi láìbéèrè. Ìnṣọ́ránsì ni kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó pe iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra yín.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: ẹni tó ń tà nìkan ló ń tẹ àdírẹ́sì, kò síbi tí ẹni tó ń rà ti ń fọwọ́ sí i lórí fóònù tirẹ̀. Orí láísẹ́ǹsì ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni mo ti da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ.