Ọjọ́ mẹ́ta ní òkè West Virginia: awakọ̀ ni mo fẹ́ yìn, ọ́fíìsì ni mo fẹ́ bá wí

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo wo aago mi nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró ní Hawks Nest, mo sì tún wò ó nígbà tí wọ́n ní ká padà wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún péré ni wọ́n fún wa níbi tí mo torí ẹ̀ sanwó, níbi tí ọmọ mi torí ẹ̀ kọ ìbéèrè méje sínú ìwé kó tó kúrò nílé. N kì í kọ àgbéyẹ̀wò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé gbé mì.

Maryland là ń gbé. Wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, níṣẹ́ ilé lórí ìtàn West Virginia. Mo rí ìwé ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, 585 dọ́là fún àgbà, ọmọdé ń san ìdajì. Bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ àárọ̀ wọn dára, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun tó jẹ́ kí n mú wọn ni ojú ewé kejì ìwé náà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a máa gbọ́ ìtàn ihò tí wọ́n lu gba inú òkè ní Hawks Nest, àti ti àwọn tí ó pa. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kìíní dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Harpers Ferry la kọ́kọ́ dé, níbi tí odò Shenandoah ti ya wọ inú odò Potomac láàárín àwọn òkè. Atọ́nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin olóhùn gooro kan, mọ ìtàn ibẹ̀ bí ẹní mowó. Ó mú wa dúró níwájú ilé bíríkì kékeré tí John Brown àti àwọn èèyàn rẹ̀ há sí ní October 1859, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ilé ìkó-ohun-ìjà ìjọba kí wọ́n lè fi ìbọn inú rẹ̀ tú ẹrú sílẹ̀. Ọkùnrin 21 ló tẹ̀ lé Brown, márùn-ún nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìtàn Dangerfield Newby ló mú omi bọ́ lójú mi. Òun fúnra rẹ̀ ti kúrò lóko ẹrú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ Harriet àtàwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀ ní Virginia. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pa nínú àwọn èèyàn Brown. Wọ́n bá lẹ́tà Harriet nínú ẹrù rẹ̀, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wá ra òun kí olówó òun tó ta òun fún ẹlòmíì.

Ó tún mú wa gòkè lọ sí ibi tí Storer College wà, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ibẹ̀ ni Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Niagara Movement, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ti ṣe ìpàdé ní August 1906, tí wọ́n sì bọ́ bàtà rìn lọ síbi tí ilé bíríkì John Brown wà nígbà náà. Àwọn òyìnbó inú bọ́ọ̀sì bèèrè ìdí tí wọ́n fi bọ́ bàtà. Àwa Yorùbá mẹ́rin tó wà níbẹ̀ kàn wo ara wa ni. Ta ló máa ń wọ bàtà dé ibi mímọ́?

Láti ibẹ̀ dé Fayetteville, ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ọ̀sì kò ṣiṣẹ́, fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, a sì ń làágùn. Síbẹ̀ atọ́nà yẹn kò jẹ́ ká sùn. Ó ní òkè Appalachian ni ìpínlẹ̀ náà látòkè délẹ̀, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba oko tábà ńláńlá, ìdí nìyẹn tí àwọn olówó ẹrú kò fi pọ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe pọ̀ ní ìlà oòrùn Virginia. Nígbà tí Virginia ya kúrò lára Amẹ́ríkà ní 1861, ọ̀pọ̀ àwọn ará òkè ní àwọn ò bá wọn lọ. Inú ogun abẹ́lé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti kúrò lára Virginia, tí wọ́n di West Virginia, ìpínlẹ̀ karùndínlógójì ní Amẹ́ríkà, ní June 20, 1863. Ọmọ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀, òógùn ń kán sórí ìwé. Mo ní, ilé-iṣẹ́ yìí mọṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé afárá New River Gorge. Tuntun ni wọ́n pe odò náà, ó sì wà lára àwọn odò tó dàgbà jù lọ láyé. Afárá tí wọ́n ṣí ní October 1977 yìí ga ju omi lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 876. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni mọ́tò fi ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ kó tó tún gun òdìkejì; ní báyìí kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìdànrè ni wọ́n ti bí mi, àmọ́ mo di irin mú gírígírí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni nǹkan bàjẹ́. A dé Hawks Nest, atọ́nà ní ká ya fọ́tò, ká wo ìsédò tó wà nísàlẹ̀, ká máa bọ̀. Ọmọ mi nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ihò yẹn wà?"

"Ihò wo?"

Ọmọ náà ṣí ìwé ìpolówó fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ ìwé tirẹ̀ náà wò, ó ní kò sí nínú èyí tí ọ́fíìsì fún òun, àti pé a ti ń pẹ́ débi tí a ti máa ra ohun ìrántí. Mo ní, "Àbúrò, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí." Ó ní, "Mà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Ìṣẹ́jú àádọ́ta la lò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà àti ife.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fò dá. Ní 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò tó gùn tó máìlì mẹ́ta gba inú òkè Gauley, kí omi New River lè gba inú rẹ̀ lọ yí ẹ̀rọ iná mànàmáná fún ilé-iṣẹ́ irin kan. Àpáta ibẹ̀ kún fún silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn. Bí wọ́n bá ń bu omi sí i bí wọ́n ṣe ń lù ú, eruku ò ní pọ̀; gbígbẹ ni wọ́n ń lù ú kó lè yá, wọn ò sì fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ohun ìbomú. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, ebi àìríṣẹ́ ló lé wọn wá láti Gúúsù. Eruku yẹn jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn, àwọn míì kò lò ju oṣù mélòó kan lọ níbi iṣẹ́ kó tó pa wọ́n. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1936. Dókítà Martin Cherniack tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà fojú díwọ̀n rẹ̀ pé, ó kéré tán, èèyàn 764 ló kú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, kò sì sí gbólóhùn kan.

"Mọ́mì, ṣé wọn ò fẹ́ ká mọ̀ ni?" Ohun tí ọmọ mi bi mí nìyẹn. Mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Ẹni tó dá a lóhùn ni awakọ̀ wa. Bàbá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àtàná la ò tíì gbọ́ ju "ẹ rọra" lẹ́nu rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó wá bá wa níbi tá a jókòó sí níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní bàbá òun àti bàbá bàbá òun wa èédú ní Fayette County yìí, àti pé Carter G. Woodson, ẹni tó dá Ọ̀sẹ̀ Ìtàn Aláwọ̀ Dúdú sílẹ̀ ní 1926, wa èédú níbẹ̀ náà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Mà, ọ̀nà US 19 la máa gbà lọlé lọ́la. Ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀."

Nítòsí Summersville ló ti yà. Ibojì àwọn tó kú nínú iṣẹ́ ihò yẹn ló wà níbẹ̀ lábẹ́ igi. Bàbá ní wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú sí itẹ́ òkú òyìnbó nígbà náà, inú oko ni wọ́n sin wọ́n sí, àti pé ní 1972, nígbà tí wọ́n fẹ́ mú títì gbòòrò, wọ́n hú wọn, wọ́n kó wọn wá síbí. Ilẹ̀ rì wọlé ní ìlà-ìlà, ewé bò ó. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ sùn re o, ẹ̀yin ará wa." Ọmọ mi bi bàbá ní ìbéèrè méjèèje. Ó dáhùn márùn-ún, ó ní òun ò mọ méjì tó kù, kó lọ wá a.

Nígbà tí mo dìde, atọ́nà wa ló wà lẹ́yìn mi, ó ti ṣí fìlà. A padà wọlé, ó gbé maikirofóònù, ó bẹ ọmọ mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní ó yẹ kí òun ti mọ̀. Inú mi rọ̀ sí i. Ọmọdé ni, ohun tí wọ́n fi rán an ló jẹ́.

Àwọn tó rán an ni mo wá kojú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ọ́fíìsì. Obìnrin tó gbé e lọ́jọ́ Monday bẹ̀ mí, ó ní máníjà máa pè mí, kò pè. Ní Wednesday, ọkùnrin kan ní òjò ló dá wa dúró ní Hawks Nest. Oòrùn ń ràn nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà! Mo fi mẹ́rin ránṣẹ́ sí i nínú ímeèlì. Ní Friday, máníjà fúnra rẹ̀ ní òun á yọ ìdá mẹ́wàá kúrò nínú owó ìrìn àjò mi tó ń bọ̀. Mo ní ẹ̀dínwó kọ́ ni mo ń bèèrè, kí wọ́n fi ibojì yẹn sí ètò ni, tàbí kí wọ́n pa ojú ewé kejì rẹ́. Ó ní wọ́n á wò ó. Mo yẹ ìwé ìpolówó wọn wò láàárọ̀ yìí, ó ṣì wà bó ṣe wà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ti sanwó ìjókòó mẹ́ta fún October, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé awakọ̀ yẹn la fẹ́.