Mọ́mì tó ń bá mi ṣe owó orí ní Houston: ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn

Saturday tó kọjá ni mo lọ ṣe owó orí mi, wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó kó tó kàn mí, ohun tójú mi rí àti ohun tétí mi gbọ́ níbẹ̀ ni ò jẹ́ kí n lè sùn tí mo fi gbé fóònù láti kọ èyí. Ọ́fíìsì wọn wà ní Bissonnet níbí ní Houston, apá ibi tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Yàrá méjì péré ni, ọ̀kan tá a fi ń dúró, ọ̀kan tí mọ́mì ń jókòó sí, ilẹ̀kùn àárín ẹ̀ kì í sì í tì dáadáa, gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ lọ́hùn-ún làwa tá a wà níta ń gbọ́. Ìyẹn ò dáa o, mo ṣì máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí torí wọ́n ní àwọn ò gba ẹni tuntun mọ́ títí April 15 tó jẹ́ gbèdéke owó orí fi máa kọjá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó wọlé ṣáájú mi. Ó máa lé lógójì ọdún dáadáa, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀: "Mọ́mì, ìjọba ti ní kò sówó orí lórí ófátaìmù mọ́. Odidi ọdún ni mo fi ṣe ófátaìmù. Èló ni wọ́n máa dá padà fún mi?" Òótọ́ ni pé òfin yẹn wà, July 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí i, àmọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé e kiri kọ́ ló ṣe wà. Mọ́mì fa bébà kan jáde, wọ́n mú bírò, wọ́n ní, "Èló ni wọ́n ń san fún yín ní wákàtí kan?" Ó ní 20 dọ́là. "Tó bá di ófátaìmù ńkọ́?" Ó ní 30. Wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ 30 yẹn, wọ́n ní, "10 tó fi lé 20 yìí nìkan lòfin ń sọ. 20 tó kù, owó iṣẹ́ yín gan-an ni, owó orí wà lórí ẹ̀. 10 yẹn náà, wọn ò ní kó o lé yín lọ́wọ́, wọ́n kàn máa yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé lórí ni, kò sì lè ju 12,500 dọ́là lọ lọ́dún fún ẹni tó ń dá kọ ìwé owó orí ẹ̀. Ti Social Security àti Medicare, owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ yín, ìyẹn ò kúrò níbẹ̀ rárá."

Ah, ọkùnrin yìí yarí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Dallas ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là, iṣẹ́ kan náà làwọn jọ ń ṣe, pé tí mọ́mì ò bá mọ iṣẹ́ yìí kí wọ́n tètè sọ kóun wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ó gbá tábìlì. Ìyá tó tó ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń gbá tábìlì níwájú ẹ̀ o! Gbogbo wa tá a wà níta dákẹ́ lọ gbári. Mọ́mì ò gbóhùn sókè. Wọ́n dúró kó sọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, wọ́n wá ní, "Mo gbọ́ yín. Ṣé ìwé ọ̀rẹ́ yín wà lọ́wọ́ yín? Kò sí. Tiyín ló wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà nínú tiyín ni màá kọ." Wọ́n yíjú padà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń tẹ nǹkan lọ. Ó tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkùnrin náà fi jókòó bẹ́ẹ̀ kó tó sọ pé kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù. Arábìnrin kan ni, oníṣẹ́ alẹ́ bíi tèmi, ojú ẹ̀ ti wú nítorí àìsùn. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ìyá òun sínú ìwé òun. Ìbàdàn ni màmá yẹn wà. Oṣooṣù ló ń fi owó ránṣẹ́, òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, òun ló san owó ilé wọn, òun ló ń sanwó ọmọ tó ń bá wọn gbé, ó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì ẹ̀ sínú nylon kan. Mọ́mì ní òfin ò gbà á, pé ẹni tó bá máa wà lábẹ́ èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí kó máa gbé ní Amẹ́ríkà, tàbí Kánádà, tàbí Mexico. Arábìnrin yẹn ní, "Ṣé ìyá ará Mexico ṣe pàtàkì ju ìyá tèmi lọ ni?" Ó bú sẹ́kún. Ká sòótọ́, omi bọ́ lójú èmi náà, torí kò sí èyí tí ò ń fi owó ránṣẹ́ sílé nínú gbogbo wa tá a wà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀, ta ló fẹ́ lọ wò ó ní Ìbàdàn? Owó mi lẹ ń gbà, ẹ ṣe é bí mo ṣe fẹ́." Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àánú àti irọ́ ò jọra lójú mọ́mì. Wọ́n fún un ní tíṣù, wọ́n kí i kú iṣẹ́ ìyá, wọn ò sì kọ ọ́.

Ẹni kẹta wá ni ìwọ̀sí. Ọmọkùnrin kan, kò ju ọmọ ọdún 28 lọ, ó wọlé láì ní àpọ́íńtìmẹ́ńtì, ó gba iwájú àwa tá a ti ń dúró, ó ní ìṣẹ́jú méjì lòun fẹ́ lò. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjì sí tiẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun ò ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, pé àwọn ti jọ sọ ọ́, àwọn máa pín owó ẹ̀. Mọ́mì bi í pé, "Ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ọmọ náà ń sùn?" Ó ní San Antonio ni wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. "Ó dáa, tí wọn ò bá gbé lọ́dọ̀ rẹ ju ìdajì ọdún lọ, mi ò lè gba owó ọmọ fún ọ lórí wọn." Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ọmọ yín ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa, màá fi 200 lé owó yín."

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé fọ́ọ̀mù kan wà, 8867, tí ẹni tó ń báni ṣe owó orí máa kọ pé òun bi oníbàárà léèrè ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ yẹn, òun sì rí ìwé ẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe é bó ṣe yẹ, IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, máa bu owó ìtanràn lé wọn lórí, ó lé ní 600 dọ́là lórí ìkọ̀ọ̀kan, oníbàárà tó parọ́ náà sì lè pàdánù Earned Income Credit, owó tí ìjọba fi ń ran òṣìṣẹ́ tówó ẹ̀ ò pọ̀ lọ́wọ́, fún ọdún méjì, tó bá dẹ̀ jẹ́ jìbìtì gidi, ọdún mẹ́wàá. Gbogbo èyí ni mọ́mì sọ fún un. Kò gbọ́. Wọ́n kó W-2 ẹ̀, ìwé owó iṣẹ́ tí ibi iṣẹ́ ń fúnni, àti káàdì ẹ̀ jọ, wọ́n fi lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, "Mi ò ní lè ṣe é fún ọ, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ó dàbọ̀." Ó ń kígbe jáde pé òun máa bà wọ́n lórúkọ jẹ́ lórí Google. Mo dé ilé, mo wò ó, ó ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìràwọ̀ kan, ó ní wọ́n ya aláfojúdi, wọ́n ò mọṣẹ́, wọ́n kórìíra ọmọ ìlú wọn. Ìdí tí mo fi ń kọ tèmi nìyí.

Torí mo mọ ibi tí ẹni tó ń ṣe ohun tá a bá ṣáà fẹ́ máa ń gbé èèyàn dé. Ní 2023, ọkùnrin kan tó ń ṣe é nínú yàrá ẹ̀ ló ṣe tèmi. Gbogbo wa níbi iṣẹ́ là ń sáré lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, rífọ́ńdì ẹ̀, owó tí ìjọba ń dá padà, máa ń ga. Tèmi jẹ́ 6,800 dọ́là, ó sì yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, 1,020, IRS fúnra wọn sì ń kìlọ̀ pé ká sá fún ẹni tó bá ń gba ìdá nínú rífọ́ńdì. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. February 2024 ni mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ mọ́mì, torí fóònù ọkùnrin yẹn ò lọ mọ́. Wọ́n ṣírò tèmi, ó jẹ́ 2,200. Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní ẹni tó ṣe tọdún tó kọjá gba ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n gbé ìwé ọdún yẹn wá, wọ́n ṣí ojú ìwé kejì, wọ́n fi bírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àyè kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n sanwó fún, orúkọ ẹ̀, nọ́ńbà PTIN ẹ̀ tí IRS ń fún àwọn tó ń gbowó ṣe iṣẹ́ yìí. Òfìfo ni. Wọ́n ní iwin lorúkọ tí IRS ń pè irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ṣí Schedule C, ìwé tí oníṣòwò fi ń kọ èrè àti àdánù ẹ̀, wọ́n ní, "Níbo ni ṣọ́ọ̀bù irun yín yìí wà?" Èmi tí mi ò ní ṣọ́ọ̀bù rí láyé mi, ó kọ ọ́ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù irun tó pàdánù 18,000 dọ́là, kí owó orí mi lè kéré, kí rífọ́ńdì sì ga. Mo bínú jáde, mo sọ fún ara mi pé ìlara ló ń ṣe wọ́n.

Nígbà tó máa di July ọdún yẹn, lẹ́tà dé. Wọ́n ní kí n dá 4,700 padà, ìtanràn 940 wà lórí ẹ̀, èlé tún ń gun un. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mọ́mì. Wọn ò sọ pé "mo sọ fún ọ." Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fún mi lómi, wọ́n ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Enrolled Agent ni wọ́n, wọ́n ṣe ìdánwò ẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wà lára ògiri, ẹni tó bá ní ìyẹn láṣẹ láti dúró fún èèyàn níwájú IRS. Àwọn ni wọ́n bá wọn sọ ọ́ tí mo fi ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Mo máa parí ẹ̀ lọ́dún yìí, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ìyà tá a fi ń jẹ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Aago méjìlá òru la máa pè wọ́n lórí WhatsApp. A ya fọ́tò W-2 tó ti ká kó, epo wà lára ẹ̀, nọ́ńbà ò hàn, a ní kí wọ́n fi ṣe é. A ò ní wá títí April 14, a wá gbé nylon rìsíìtì dé, a ní kó jáde lọ́la, tí wọ́n bá ní ká gba extension, àfikún àkókò, títí October 15 a máa bínú, (ẹ dẹ̀ rántí pé ìwé nìkan ni extension yẹn sún síwájú, owó tẹ́ ẹ bá jẹ ṣì jẹ́ ti April 15). Ìbẹ̀rẹ̀ February la ti máa ń bú wọn pé wọ́n jókòó lé owó wa, òfin 2015 kan ló sì wà níbẹ̀ tí ò jẹ́ kí IRS tú owó ẹni tó bá gba Earned Income Credit tàbí ti ọmọ sílẹ̀ kó tó di àárín February. Mọ́mì ò jókòó lé owó ẹnikẹ́ni, kò gba ọwọ́ wọn kọjá rárá. Ẹ̀dínwó tá a tún máa ń bẹ̀ torí pé a jọ jẹ́ ọmọ ìlú, ṣé a máa ń bẹ dókítà òyìnbó bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ nìyí. Ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe, ọ̀rọ̀ owó èèyàn kì í ṣe fún gbogbo etí, mo ti sọ ọ́ fún wọn lójú, wọ́n sì gbà. Wọn kì í gbé fóònù ní March rárá, ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n ń páàkì sí kéré. Afẹ́fẹ́ AC wọn tutù bíi ti yàrá òkú, ẹ mú súwẹ́tà.

Nígbà tó kàn mí, ogójì ìṣẹ́jú ni. Wọ́n bi mí bóyá mo ní àkáǹtì ní Nàìjíríà, torí tí gbogbo owó tó wà níbẹ̀ bá ti kọjá 10,000 dọ́là lápapọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, fọ́ọ̀mù mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n ka ìlà kọ̀ọ̀kan kí n tó fọwọ́ sí 8879, fọ́ọ̀mù tá a fi ń gbà kí wọ́n fi ìwé wa ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo kà á, ibi tí ò yé mi wọ́n tún un sọ. 260 dọ́là ni mo san, rìsíìtì wà ńbẹ̀. Orúkọ wọn àti PTIN wọn wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn April 15, ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà wọn kó bi mí. Ẹ mú káàdì Social Security gbogbo ọmọ yín dání, èyí gan-an, wọn ò gba fọ́tò.