Iná LED tí mo fi ń tọ́ ọmọ ata n'Ífẹ̀, àti mítà tó là mí lójú

Oṣù keje ọdún tó kọjá ni òjò run ọmọ ata rodo mi lẹ́yìn ilé wa ní Parakin, ìdí wọn rà, wọ́n dùbúlẹ̀ lóru ọjọ́ kan, èyí tí ò kú nínú wọn náà ò dàgbà torí oòrùn ò yọ dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn kíṣìnnì. Bí mo ṣe lọ ra iná LED tí wọ́n fi ń tọ́ ewéko nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, 68,000 náírà. Mo ti lò ó fún oṣù mẹ́jọ báyìí, ó dáa, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi kí n tó sanwó pọ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látara páálí ẹ̀. Wọ́n kọ 1000W gàdàgbà síbẹ̀. Irọ́ ni! Mo fi mítà tí wọ́n máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò ó, 98 wọ́ọ̀tì ló ń fà nígbà tí mo tàn án dé ìparí. Mo padà lọ bá bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi, ó ní "Ẹ máà bínú, Mọ̀mí, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀, kò sì sọ, ìyẹn ló dùn mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ ní kí wọ́n fi irú mítà yẹn wò ó lójú yín, kí ẹ rí iye tó ń fà.

Ìwé pélébé tó wà nínú páálí ńkọ́, igbó tí wọ́n ń mu ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀, torí àwọn tó ń gbin igbó nínú ilé lókè òkun wà lára àwọn tó ń ra irú iná yìí gan-an, Kánádà ti fàyè gbà á lábẹ́ òfin láti 2018. Ní tiwa níbí, ẹ̀wọ̀n ló ń bọ̀ o, ata àti tòmátì ni mo mọ̀. Ìwé yẹn ní kí wọ́n tanná fún igbó ní wákàtí 18 lójúmọ́ tó bá ń ṣe ewé, kí wọ́n wá dín in kù sí 12 kó lè yọ òdòdó. Ata ò ka gígùn òru kó tó yọ òdòdó, ìyẹn ò kàn án. Ibi tí ìwé náà ti pa mí lára ni ibi tó ti ní kí n so iná kọ́ ní 30 sẹ̀ntímítà sókè orí ewé.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ewé àwọn tó wà láàárín ti ká sókè bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ bomi mu, orí wọn ti ń funfun. Àwọn tó wà létí ní tiwọn ga gògòrò, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bí òwú. Abẹ́ iná kan náà o! Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bomi sí i, ìyẹn tún bà á jẹ́ sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní OAU ló wá bi mí pé, "Àǹtí, ẹ ti wọn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀?" Mo ní ṣebí mo rí i pé ó mọ́lẹ̀. Ó ní ojú ò ṣeé fi wọn ìmọ́lẹ̀, torí ojú máa ń mọ́ra, ibi tó mọ́ díẹ̀ àti ibi tó mọ́ gan-an lè jọra lójú ẹni. Bí mo ṣe ra mítà lux nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, 18,000 náírà, tí mo bá mọ̀ ni, òun ni mi ò bá kọ́kọ́ rà.

Alẹ́ ọjọ́ tó dé, a da ojú ife rọ́bà kan délẹ̀ kó lè ga tó ewé, a gbé mítà lé e, a fi tépù télọ̀ mi wọn gíga iná. Ní 30 sẹ̀ntímítà, àárín jẹ́ 40,000 lux, etí kéré sí i gan-an. A gbé iná sókè dé 60, àárín di 16,000, etí di 10,000. Èyí tó wà láàárín ń jẹ àjẹjù, èyí tó wà létí ò sì yó, bí mo ṣe gbé e sókè ló tó tẹ́jú.

Lux fúnra ẹ̀, ojú èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, ìmọ́lẹ̀ tí ewéko ń lò wà láàárín 400 sí 700 nánómítà, ìyẹn òǹkà gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, PPFD ni wọ́n ń pe òǹkà ẹ̀, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí ewé tó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí iná yín bá funfun, ẹ fi nǹkan bíi 67 pín lux, ẹ máa sún mọ́ ọn. 16,000 tèmi fún mi ní bíi 240, mo sì ń tàn án fún wákàtí 14, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ fún odindi ọjọ́ ó jẹ́ mol 12 (mol ni wọ́n fi ń ka àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ewé gbà lójúmọ́), ọmọ ata tí ò tíì kúrò ní nọ́sìrì, 10 sí 15 tó o. Àmọ́ tí iná yín bá jẹ́ elésè àlùkò yẹn, ẹ má fi lux ṣírò rárá, mítà ò rí pupa àti búlúù dáadáa, á ní ìmọ́lẹ̀ kéré, ewé á sì ti máa jó.

Àpù fóònù ńkọ́? Mo gbìyànjú ẹ̀ níbi kan náà, 9,000 ló sọ níbi tí mítà ti sọ 16,000. Ẹ lè fi mọ̀ bóyá ibí mọ́lẹ̀ ju ọ̀hún lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín iná kù náà, mo yí i sí ìdajì, mo rò pé màá rí 8,000, mo bá 11,000 níbẹ̀. Àmì ara ẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni.

Táímà tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bínú jù. Oníyíyí ni, iná ló ń gbé e yí, nígbà tí wọ́n bá sì mú iná lọ fún wákàtí mẹ́rin, òun náà á dúró fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ wò ó, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iná tó yẹ kó tàn láago mẹ́fà àárọ̀ ń tàn ní ọ̀sán gangan, ó wá ń jó di òru. Mo ti ra èyí tó ní báàtìrì nínú, mo sì ti so iná mọ́ inífátà àti sólà, kò ju yúníìtì kan àti díẹ̀ lọ lójúmọ́, ìyẹn ò wúwo.

Ní báyìí àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń yí àwọn tíréè, tetí á bọ́ sáàárín, taàárín á bọ́ sétí. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lọ sóko, mo máa ń gbé wọn síta díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan láàárọ̀, lọ́jọ́ kejì méjì, torí oòrùn ọ̀sán tó mú kọjá 100,000 lux, ẹni tó ti 16,000 jáde bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á jóná. Ìyá kan láti Modákẹ́kẹ́ wá ra 200 lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ìka méjì di ẹsẹ̀ ọ̀kan mú, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó padà nà tán-ín, ó ní "Ìyá aláta, èyí ti leegun," ó sì ka owó ẹ̀ fún mi láì yọwó.