Kámẹ́rà Blackmagic Pocket Cinema 4K lọ́wọ́ àwa márùn-ún

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin fi ya fíìmù wa ní Ìbàdàn, kámẹ́rà kan ṣoṣo tí a sì lò ni Blackmagic Pocket Cinema Camera 4K. Olùdarí eré, èmi tí mo di kámẹ́rà mú, ẹni tí ń gba ohùn, ẹni tí ń mójú tó iná, àti arábìnrin kan tí ó da ètò aṣọ, oúnjẹ àti ọkọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn: yàtọ̀ sí àwọn òṣèré, kò sí ẹlòmíràn. Ojú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fi wo kámẹ́rà yìí, nítorí pé irinṣẹ́ tí ó dẹ ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́rùn lè di ẹrù lórí àwọn tí wọn kò pọ̀.

Ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ Blackmagic Design ti ilẹ̀ Ọsirélíà gbé e jáde ní 1,295 dọ́là. Ó ń ya àwòrán 4K, ìyẹn àwòrán tí ó mọ́ kedere gan-an, títí dé fírémù 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àṣẹ láti lo DaVinci Resolve Studio tí a fi ń gé àwòrán tí a sì fi ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe sì wà nínú owó náà. Ẹni tí ó bá ti ń san owó oṣooṣù fún irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mọ iye tí ìyẹn gbà sílẹ̀.

Bí ó ṣe ń ríran lálẹ́ ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀. ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, méjì ni ó jẹ́ àbínibí rẹ̀, 400 fún ọ̀sán àti 3200 fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Nínú ìran kan, ìyá àgbà tí ń ta aṣọ òkè jókòó sí iyàrá ilé àtijọ́ kan ní Òjé, wọ́n ń ka owó. Àtùpà kan ni a gbé síwájú wọn, a sì fi gílóòbù LED kékeré kan tí a da aṣọ funfun bò ràn án lọ́wọ́. Mo gbé ISO sí 3200, ojú Màmá yọ kedere, òkùnkùn ẹ̀yìn wọn sì dúdú láìsí èérún funfun tí ń jó nínú rẹ̀. Awọ dúdú ni tiwa, púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni ó sì máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Níhìn-ín, pípọ́n tí ó wà lábẹ́ awọ náà kò sọnù.

Àǹfààní tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé, níwọ̀n bí a kò ti nílò iná ńlá, a kò tan jẹnẹrétọ̀ rárá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ti ya fíìmù ní Ìbàdàn rí mọ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń ba ohùn jẹ́. Kámẹ́rà náà ní ojú ihò mini XLR tí ó ń fún makirofóònù ní iná 48V, nítorí náà a so makirofóònù wa mọ́ ọn tààrà, ohùn àti àwòrán sì jọ wọlé pọ̀. Kò sí ìran alẹ́ kankan tí a ní láti pe òṣèré padà fún kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Bátìrì ni ìṣòro rẹ̀ tí ó tóbi jù. LP-E6 kékeré ni ó ń lò, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì sọ pé nǹkan bí wákàtí kan ni ó lè lò. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn bátìrì tí a háyà ní ṣọ́ọ̀bù kan ti gbó, ọ̀kan nínú wọn sì kú gẹ́lẹ́ nígbà tí omi ń bọ́ lójú Màmá. A kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò dà bí ti àkọ́kọ́ mọ́, ó sì ń dùn mí di òní. Láti ọjọ́ kẹrin ni a ti ń lo bátìrì V-mount ńlá méjì, a kò sì tún rí irú rẹ̀ mọ́.

Ojú rẹ̀ tí a fi ń wo àwòrán, tí ó tó ínṣì márùn-ún, mọ́lẹ̀ dáadáa nínú ilé, ṣùgbọ́n kò ṣeé yí sókè sódò, aṣọ dúdú ni mo sì máa ń dà borí nínú oòrùn. Kò ní ND, ìyẹn gíláàsì dúdú tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, nínú, kò sì ní ohun tí ń mú kí àwòrán má gbọ̀n. Fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í tẹ̀ lé ẹni tí ń rìn, nítorí náà a ń lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀, a sì ń dán ìrìn wò pẹ̀lú òṣèré kí a tó yà á. Lẹ́ńsì 12mm, èyí tí ń rí ibi gbígbòòrò, ni mo fi ya iyàrá tí ẹ̀yìn mi ti kan ògiri.

Ó ń kọ àwòrán sórí SSD, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí, tààrà láti ojú USB-C. Blackmagic RAW 12:1 tí a lò, ìyẹn ọ̀nà tí kámẹ́rà náà fi ń fún àwòrán pọ̀ kí ó má gba àyè jù, ń gba nǹkan bí 100 GB fún wákàtí kan, nítorí náà SSD 1 TB méjì tó wa, a sì ń da iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kọ sórí òmíràn kí a tó sùn.

N kò lè gba ayàwòrán òde ìgbéyàwó níyànjú láti rà á, nítorí pé ìyàwó kò ní dúró de fókọ́ọ̀sì. Fún ẹgbẹ́ kékeré tí ó ní ìtàn tí a ti kọ sílẹ̀, tí ó sì lè dán ìrìn òṣèré wò, mo fọwọ́ sí i pátápátá. Òun náà ni a óò tún gbé fún fíìmù wa tí ń bọ̀, àmọ́ owó bátìrì ni mo kọ sílẹ̀ ṣáájú owó lẹ́ńsì.