Káúńtì Hamilton: ìkànnì ìjọba àpapọ̀ àbí ti ìpínlẹ̀?

Hamilton ni káúńtì tí èèyàn rẹ̀ kéré jù ní ìpínlẹ̀ New York. Àárín òkè Adirondack ló wà, ilé sì jìnnà síra wọn. Ọ̀nà méjì lẹ lè gbà mọ̀ bóyá ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ ń gbé níbẹ̀.

NSOPW, ìkànnì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún wíwá àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, máa ń wá orúkọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dára bí ẹni náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ibòmíràn. Àmọ́ ohun tí ìpínlẹ̀ bá gbé síta nìkan ló ń fi hàn.

Ìkànnì ìpínlẹ̀ New York lè to orúkọ gbogbo àwọn tó wà lórí rẹ̀ ní káúńtì kan jáde. Èyí ló wúlò jù ní ìgbèríko, torí wíwá yíká àdírẹ́sì kan lè máà mú ẹnikẹ́ni jáde. Ìpele ewu ni wọ́n fi ń pín wọn: ìpele kìíní ni ewu pé ẹni náà á tún ṣẹ̀ kéré jù, ìkẹta ló ga jù. Ìpele kejì àti ìkẹta nìkan ló wà níbẹ̀ ṣá o! Fún ìpele kìíní, àfi kí ẹ pe DCJS, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ yìí, lórí fóònù, kí ẹ sì mọ orúkọ ẹni náà pẹ̀lú ohun ìdánimọ̀ kan, bí ọjọ́ ìbí tàbí àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an. Ní tèmi, ti ìpínlẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ṣí.